Ìsaasùn Ẹbu Dada ní Òkèléle: ìkòkò tó jẹ́ kí ọbẹ̀ màmá àgbà yé wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Ìlọrin tẹ́ ò tíì ra ìsaasùn, ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, ní Ẹbu Dada tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àyè lọ. Mo ti ń lo tèmi láti ìgbà òjò tó kọjá, mo ti gbé e ka gáàsì, mo ti gbé e ka èédú, mo ti fi se ọbẹ̀ ìyá mi, mo ti fi se ọbẹ̀ ilé bàbá mi, mo ti rí ibi tó dáa sí, mo sì ti rí ibi tó ti máa ń fẹ́ sùúrù, torí náà ohun tí mo lò ni mò ń sọ, kì í ṣe ohun tí mo gbọ́. Tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ ìdáhùn kíákíá, òun rèé: ó dáa gan-an, ẹ rà á. Tẹ́ ẹ bá láyè, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ torí ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ìkòkò nìkan lọ.

Nílé wa kò sẹ́ni tó ń wọn nǹkan ọbẹ̀. Kò sí kọ́ọ̀pù, kò sí ṣíbí ìwọ̀n, ẹnikẹ́ni ò wo aago. Tẹ́ ẹ bá bi màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ará Òmù-Àrán ni wọ́n, pé omi mélòó ni wọ́n ń dà sọ́bẹ̀, wọ́n á ní "kó dé ibi tí ikùn ìkòkò ti fẹ̀ jù." Tí ẹ̀gúsí bá ti wọlé ńkọ́? "Kó má kọjá èjìká." Ìgbà wo la máa sọ ọ́ kalẹ̀? "Ìgbà tó bá ṣì ń hó." Bí wọ́n ṣe kọ́ ìyá mi nìyẹn, bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìyẹn, àwa náà há a sórí bí ọmọ ilé kéwú ṣe ń há súrà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìkòkò àlùmíníọ̀mù tí gbogbo wa padà ń lò ò ní ikùn, kò ní èjìká, ó kàn lọ tààrà láti ìdí dé ẹnu ni. Ọ̀rọ̀ màmá àgbà wà lórí wa, ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún máa jókòó lé ni ò sí mọ́. Ọbẹ̀ á ṣàn lónìí, á ki lọ́la, tá a bá sì sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì ń hó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí, ẹ̀gúsí ò ní tíì jiná dénú. A wá gbà láàárín ara wa pé ọwọ́ màmá ló yàtọ̀, pé ọbẹ̀ yẹn ti bá wọn lọ. Ọwọ́ wọn yàtọ̀ lóòótọ́, mi ò jiyàn ẹ̀ rárá, àmọ́ ìkòkò wọn náà yàtọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ fún wa, ara ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ti ń wò ó sọ.

Ìgbà tí mo gbé ìsaasùn yìí délé tí mo gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì ló tó yé mi. Ó ní ikùn, ó ní èjìká, ó ní ọrùn. Gbogbo àdírẹ́sì tí màmá fún wa ló wà lára ẹ̀.

Fún ẹni tí ò mọ ibẹ̀, Ẹbu Dada wà ní Òkèléle níbí nílùú Ìlọrin, kò jìnnà sọ́jà Ìpàta. Tẹ́ ẹ bá dé Ìpàta, ẹ sọ fún ọlọ́kadà tàbí oníkẹ̀kẹ́ pé ẹbu Dada lẹ̀ ń lọ. Ẹ má retí ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì o. Ibi iṣẹ́ ni, ilé náà sì ni, ìkòkò lẹ máa kọ́kọ́ rí, èyí tó ṣì tutù tí wọ́n sá sóòrùn, èyí tó ti jóná tí wọ́n tò jọ, àmù ńláńlá, orù, agbada, àjẹrẹ tó ní ihò lára, ìkòkò àgbo, ìkòkò òdòdó, gbogbo ẹ̀ kún ilẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń mọ ọ́n, ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ, àwọn náà ń kọ́ ọmọ wọn, inú ìwé kọ́ ni wọ́n ti kọ́ tiwọn náà, bíi ti ọbẹ̀ wa.

Tẹ́ ẹ bá lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń mọ, ẹ dúró díẹ̀ wò ó. Wọ́n á da ojú ìkòkò àtijọ́ kan délẹ̀, wọ́n á tẹ́ amọ̀ lé ìdí ẹ̀, wọ́n á máa lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí tí amọ̀ á fi gba ìrísí ìdí ọ̀hún, tó bá ti gbẹ díẹ̀ wọ́n á bọ́ ọ kúrò, wọ́n á wá máa fi amọ̀ tí wọ́n fọwọ́ yí gbọọrọ lé e lórí ní ìpele ìpele. Ìyá tó ń mọ ọ́n á bẹ̀rẹ̀, á máa yí i po, á máa fọwọ́ fà á sókè, ìkòkò dúró sójú kan, ìyá ló ń rìn. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀ tó ń yí nǹkan. Aṣọ tútù ni wọ́n fi ń dán ẹnu ẹ̀, ṣùkù àgbàdo ni wọ́n sì ń yí sí i lára kó lè ní ọnà, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa èjìká ìkòkò yín ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún pẹ̀lú igi àti koríko gbígbẹ. Tó bá ti inú iná jáde tó ṣì gbóná, wọ́n á da omi èèpo irúgbá lé e, ó á ṣe ṣàà, èéfín á sọ, ibẹ̀ ló ti ń rí àwọ̀ ẹ̀ tó dà bíi pupa tó dà bíi dúdú, omi yẹn náà ló ń bá a dí àwọn ihò kéékèèké ara ẹ̀. Ẹ ò rí i bó ṣe dùn mọ́ mi tó nígbà tí mo mọ̀ pé igi tó ń fún wa ní irú náà ló ń kun ìkòkò tá a máa fi se irú.

Àlàájà tó ta tèmi fún mi ò jẹ́ kí n kàn nawọ́ mú èyí tó wù mí. Wọ́n kọ́kọ́ bi mí, "Ṣé ti ọbẹ̀ ni àbí ti àgbo?" Mo ní ti ọbẹ̀ ni mà. "Èèyàn mélòó ló ń jẹ ẹ́?" Mo dá wọn lóhùn. Wọ́n wo ilẹ̀ títí, wọ́n gbé ọ̀kan, wọ́n fi eegun ìka kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dún gan-an, wọ́n wá gbé òmíràn tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀, wọ́n kan òun náà, ohùn tiẹ̀ kú. Wọ́n ní, "O gbọ́ ọ? Èyí ti sán nínú, ojú ò lè rí i. Ibikíbi tó o bá ti fẹ́ ra ìkòkò, kó o kàn án kó o tó sanwó." Wọ́n mọ̀ pé tí mo bá gbé èyí tó sán, mi ò ní mọ̀ títí á fi dórí iná, síbẹ̀ wọ́n fi hàn mí. Ẹ gbà mí gbọ́, irú ọlọ́jà báyìí ṣọ̀wọ́n.

Owó ńkọ́? Mi ò ní kọ iye tí mo ra tèmi torí gbogbo nǹkan ló ń gòkè, ẹ máa débẹ̀ ẹ máa bá iye mìíràn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ lè ná an, bó bá ṣe tóbi sí lowó ẹ̀ ṣe máa pọ̀ sí, ó sì dínwó púpọ̀ sí àwọn ìkòkò nọ́nsìtíìkì tí inú ẹ̀ máa ń bó kó tó ọdún. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Wọ́n ń kun àwọn ìkòkò amọ̀ kan ní ọ̀dà aláràbarà, ó máa ń dán, ó máa ń wu ojú, òdòdó ni wọ́n ṣe é fún. Mo bá irú ẹ̀ pàdé ní ṣọ́ọ̀bù kan láàárín ìlú, ẹni tó ń tà á sì ń sọ fún mi pé mo lè fi se ọbẹ̀. Ẹ má ṣe é o! Ọ̀dà ni ọ̀dà ń jẹ́, ẹ ò lè gbé e kaná kẹ́ ẹ wá fún ọmọ jẹ. Èyí tí ara ẹ̀ ò ní nǹkan kan ju omi èèpo irúgbá lọ ni kẹ́ ẹ mú.

Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, kò tíì yá fún ọbẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kó mu omi yó. Lọ́jọ́ kejì, ẹ se omi ògì nínú ẹ̀ lórí iná tí ò le, kó hó dáadáa, kẹ́ ẹ dà á nù lẹ́yìn tó bá tutù. Ògì yẹn ló ń bá a dí ara. Òórùn èéfín àti ti amọ̀ á ṣì wà níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá fi se nǹkan, ẹ má bẹ̀rù, á lọ fúnra ẹ̀, èmi fi ewédú bẹ̀rẹ̀ tèmi torí kò náni lówó púpọ̀.

Wàyí o, ọbẹ̀. Ìṣápá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé jù torí òun lọbẹ̀ màmá àgbà gan-an, ìdílé Ìgbómìnà tí ò mọ ìṣápá pẹ̀lú iyán, mi ò tíì rí i. Ìṣápá funfun ni o, kì í ṣe pupa tá a fi ń ṣe sóbò. Ó máa ń kan, torí náà ẹ máa bọ̀ ọ́, ẹ fún omi kíkan ẹ̀ dànù, ẹ tọ́ ọ wò, tó bá ṣì kan jù kẹ́ ẹ tún bọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó tẹ́ pátápátá torí ìkan díẹ̀ yẹn ni adùn ẹ̀. Ẹ da epo pupa sínú ìsaasùn, ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀díẹ̀, ẹ da ata àti àlùbọ́sà lílọ̀ sí i, irú woro, ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́, omi ẹran, kó dé ibi tí ikùn ẹ̀ ti fẹ̀ jù. Tó bá ti ń hó, ẹ fi ọwọ́ ju ẹ̀gúsí tẹ́ ẹ ti fi omi díẹ̀ pò sí i ní ṣíṣù ṣíṣù, ẹ dé e, ẹ má rò ó. Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Nínú ìkòkò àlùmíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìdí ni iná ń yára mú jù, ìsàlẹ̀ á máa jó nígbà tí òkè ò tíì jiná, ẹ máa ní láti rò ó, tẹ́ ẹ bá sì rò ó ẹ̀gúsí á tú, á di omi funfun. Nínú ìkòkò amọ̀, ara ìkòkò pátá ló gbóná, ooru ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, ooru ń ti ìdérí wá, ẹ̀gúsí á dì láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ máa rí i tó wú, tó pín sí ṣíṣù ṣíṣù, tí epo yí i ká. Ìgbà yẹn lẹ máa wá da ìṣápá sí i, á gòkè dé èjìká, kò ní kọjá ẹ̀.

Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì ń hó. Lórí tábìlì, láìsí iná lábẹ́ ẹ̀, á ṣì máa hó fún ìgbà tó pẹ́, ooru tó wà lára amọ̀ ló ń se ìyókù. Ohun tí màmá ń sọ látọjọ́ yìí nìyẹn! Wọn ò sọ pé ká gbé ọbẹ̀ tí ò jiná kalẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ìkòkò ṣì máa bá wọn sè é ni. Tẹ́ ẹ bá gún iyán tán, ọbẹ̀ á ṣì gbóná.

Ohun mìíràn tún wà nípa nǹkan kíkan. Ẹ̀yin náà á ti ṣàkíyèsí pé tẹ́ ẹ bá se tòmátò tó kan nínú ìkòkò àlùmíníọ̀mù tí inú ẹ̀ ti dúdú, inú ìkòkò á mọ́ ràn-ìn, bíi pé ẹ fọ̀ ọ́. Kò fọ ara ẹ̀ o, ìkan yẹn ló jẹ ẹ́, ohun tó sì jẹ lára ìkòkò, inú ọbẹ̀ ló bọ́ sí. Ọbẹ̀ ìṣápá wa máa ń ní adùn irin kan báyìí lẹ́nu nígbà yẹn, kò sí i mọ́ látìgbà tí mo ti ń fi amọ̀ sè é.

Ti ilé bàbá mi ni wàrà. Àwa ará Ìlọrin, ẹ mọ̀ wá mọ́ wàrà. Mo máa ń ra tèmi lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní tí wọ́n ń gbé e kiri nínú omi ẹ̀, èyí tí wọ́n fi ewé bọmubọmu mú dì, mo máa ń gé e, mo máa ń dín in, mo á wá jù ú sínú ata. Nínú ìsaasùn, wàrà máa ń mu ata dénú láìfọ́, torí iná ẹ̀ kì í sáré. Ẹ fi tùwó jẹ ẹ́, ẹ máa rántí mi. Gbẹ̀gìrì náà ń dáa nínú ẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ pọ̀.

Ohun tí mi ò retí ni ohun tó ṣe ìyá mi. Wọ́n wá kí wa, wọ́n rí ìkòkò yìí lórí iná, wọ́n bọ́ gèlè, wọ́n wọlé sí kíṣìnnì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Pé màmá máa ń tẹ́ eegun ẹja gbígbẹ sí ìdí ìkòkò kí ẹ̀gúsí má baà lẹ̀. Pé ewé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi bo ẹnu ẹ̀ kí wọ́n tó dé e kí ooru má baà sá. Pé tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ọbẹ̀ àárọ̀, wọ́n á gbé e sórí eérú gbígbóná mọ́jú. Mo ní, mà, kí ló dé tẹ́ ò sọ èyí fún wa látọjọ́ yìí? Wọ́n ní, "Mi ò rántí ẹ̀. Ìgbà tí mo rí ìkòkò ni mo rántí." Àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀, èyí àgbà gbé fóònù, ó ń ka ohùn ìyá wọn àgbà sílẹ̀, ó ti wà lórí Wáàsáàpù ìdílé wa báyìí. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà ti ń fi ohùn tiwọn ránṣẹ́, wọ́n ń jiyàn lórí ìgbà tó yẹ kí irú wọ inú ọbẹ̀, inú mi ń dùn ṣáá.

Ó kù ohun tó le níbẹ̀, torí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Ìdí ẹ̀ rogodo. Àdògán àti ààrò ni wọ́n ṣe é fún, tẹ́ ẹ bá gbé e ka sítóòfù gáàsì bẹ́ẹ̀ lásán, á máa mì. Wẹ́dà àdúgbò ló bá mi fi irin ṣe òrùka kan tí mo gbé lé orí gáàsì, ó jókòó sínú ẹ̀ dáadáa. Lórí tábìlì, òṣùká aṣọ ni mo gbé e lé. Ẹ má gbé e gbígbóná sórí táìlì tàbí sìmẹ́ńtì tútù, ẹ má bu omi tútù sí i nígbà tó bá ń gbóná, á sán. Àwọn àgbà ní ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí ẹ̀ á gbóná, àmọ́ ti amọ̀ yìí, díẹ̀díẹ̀ ni kó gbóná, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iná kékeré, nǹkan olómi tàbí epo sì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Sítóòfù tuntun oníná mànàmáná tí wọ́n ń pè ní induction ò ní mọ̀ ọ́n rárá, torí ìkòkò onírin nìkan ló ń gbóná lórí ẹ̀.

Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó máa mu ọṣẹ, ọbẹ̀ yín á sì máa rùn ún. Omi gbígbóná àti kàn-ìn-kàn-ìn ti tó, kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ dé síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tẹ́ ẹ bá dé e pa pẹ̀lú omi lára á bu. Ó wúwo, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kó ra kékeré. Ó lọ́ra, tí àlejò bá ti jókòó sílẹ̀ tébi ń pa á, ẹ fi ìkòkò yín tó kù se ìrẹsì fún un. Dídín ẹyin, dídín dòdò, kò bá a mu.

Àbúrò mi obìnrin tó wà l'Ékòó rí àwòrán ẹ̀, ó ní òun náà ń fẹ́. Èyí àkọ́kọ́ tí mo fi bọ́ọ̀sì ránṣẹ́, wẹ́wẹ́ ló dé, ẹni tó gbé e ju ẹrù lé e lórí lẹ́yìn gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ ẹ́, ó dùn mí gan-an. Èkejì, mo ki aṣọ àlòkù sínú ẹ̀ títí ó fi le, mo fi koríko àti aṣọ wé ìta ẹ̀, mo gbé e sínú páálí, mo sì fún ẹni tá a jọ mọra tó ń lọ kó gbé e sí itan. Ó dé láyọ̀, ìṣápá ni wọ́n fi ṣí i.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ mú owó lọ́wọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé tíránsífà torí nẹ́tíwọ̀kì lè má ṣe dáadáa. Ẹ ra ìdérí pọ̀ mọ́ ọn níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lé e lẹ́nu wò, ọwọ́ ni wọ́n fi mọ méjèèjì, kì í ṣe gbogbo ìdérí ló ń bá gbogbo ẹnu mu. Ẹni tó bá láyè nílé kó ra àmù kékeré kan mọ́ ọn, omi inú ẹ̀ máa ń tutù láìsí iná NEPA nínú ooru Ìlọrin yìí, torí ó ń jò lára díẹ̀díẹ̀ tí atẹ́gùn sì ń gbé e lọ, ó dáa púpọ̀ fún ìṣínu. Èmi ń padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún àjẹrẹ, ìyá mi ní àwọn fẹ́ kọ́ wa bí màmá ṣe ń yan ẹja.